Ọ̀kan Ṣoṣo ni Ilé Onífìlà

Bàbá Àgbà kì í wo ojú èèyàn kí wọ́n tó wo orí rẹ̀. Fìlà ni wọ́n ń rán, láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn títí ojú wọn fi di bàìbàì, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọ ẹ̀yìn sí òkè Máàpó tó sì kọjú sí ọ̀nà Bẹẹrẹ. Bí àlejò bá wọlé tó ń kí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ fi ojú yí orí rẹ̀ po kí wọ́n tó dáhùn. Wọn kì í lo tépù. Wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí oníbàárà, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti yé mi." Àfáà kan wà ládùúgbò tó máa ń bínú sí i, ó ní Bàbá ń tẹ orí òun bí ẹni ń tẹ búrẹ́dì wò. Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹ máà bínú, Àfáà. Orí yín ló tóbi, ọwọ́ mi ò ká a lẹ́ẹ̀kan."

Oṣù tó kọjá la sin wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa wọn, inú sì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ dídùn náà. Wọ́n ní bàbá dáadáa ni, wọ́n ní bàbá jẹ́jẹ́ ni. Ta ló jẹ́jẹ́? Bàbá tí mo mọ̀ kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Alágídí ni wọ́n, olóríkunkun ni wọ́n, ẹnu wọn sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ wọn lọ. Mo fẹ́ràn wọn débi pé mi ò fẹ́ kí a fi irọ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni màá kọ síbí, bó bá ṣe wá sí mi lọ́kàn.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, ó yẹ kí n sọ bí agboolé wa ṣe rí. Ilé Onífìlà ni orúkọ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí àwọn bàbá ńlá wa ń ṣe. Ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ láti Máàpó lọ sí Ọjà'ba ló wà. Àwọn ilé wa kan wà lókè, lẹ́bàá títì; àwọn yòókù wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ọjà ló gba iwájú wọn. Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ yìí ni ìjọba gbẹ́ gọ́tà ńlá kan sí, tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, kí àgbàrá má baà máa gbé ilé lọ. Gọ́tà náà jìn ju èèyàn tó dúró lọ. Afárá pákó tóóró kan la fi ń sọdá rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló sì lè gbà á. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ ti ìsàlẹ̀ dé òkè, àfi kó gba inú ọjà yí lọ sí ráńdàbọ́ọ̀tù Bẹẹrẹ, kó tó padà sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba ń pín ìlú sí ìjọba ìbílẹ̀, gọ́tà yẹn ni wọ́n fi ṣe ààlà. Òkè bọ́ sínú kánsù kan, ìsàlẹ̀ bọ́ sínú òmíràn. Kánsù òkè, kánsù ìsàlẹ̀ là ń pè wọ́n ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè wọ́n níbí.

Bàbá kò fìgbà kan gba ààlà yẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á sọdá pákó lọ jẹun lọ́dọ̀ Ìyá Rúká, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó ń gbé ilé ìsàlẹ̀. Yálà ọbẹ̀ dùn o, yálà kò dùn, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì ru ẹjọ́ ọbẹ̀ náà wá sókè wá rò fún wa. Mo wà ní kékeré nígbà tí mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń lọ sí ìsàlẹ̀ ni?" Wọ́n fajúro bí ẹni pé mo bú wọn. "Pálọ̀ mi ni mò ń lọ. Kí ló ń jẹ́ ìsàlẹ̀?"

Ìjà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá àwọn kánsù jà, ti ààtàn ni. Àwọn agbálẹ̀ kánsù òkè á gbálẹ̀ dé etí gọ́tà, wọ́n á kó ìdọ̀tí jọ síbẹ̀, wọ́n á yí padà. Àwọn ti kánsù ìsàlẹ̀ náà á gbá tiwọn dé etí gọ́tà lódì kejì. Kò sẹ́ni tó máa kó o, torí oníkálukú gbà pé ti ẹnì kejì ló ṣàn wá bá òun. Bí òjò bá dé, gbogbo rẹ̀ á wọ́ sínú gọ́tà, gọ́tà á dí, omi á sì wọlé tọ̀ wá wá. Bàbá gbé àga wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ àti fìlà tí wọ́n ń rán, wọ́n lọ jókòó ti ààtàn náà. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde títí àwọn ọ̀gá agbálẹ̀ méjèèjì fi máa wá bá àwọn níbẹ̀. Òórùn ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu sọ. Ìyá mi, ọmọ wọn, lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n fárígá. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá náà dé, àwọn èèyàn sì ti pé jọ. Oníkálukú wọn ní ìdọ̀tí náà kì í ṣe ti kánsù òun. Bàbá fi abẹ́rẹ́ nàka sí eṣinṣin kan tó bà sára ṣòkòtò ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ní, "Ẹ bá mi bi eṣinṣin yẹn, kánsù wo ló ti wá?"

Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn. Ìtìjú ló jẹ́ kí àwọn kánsù méjèèjì gbà pé kí ọkọ̀ akólẹ̀ kan ṣoṣo máa kó ti apá méjèèjì, kí wọ́n jọ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n ká àga wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi ìwẹ̀.

Ibi ààtàn yẹn ni àjọṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù, òun náà ló sì dára jù: ọkọ̀ pàjáwìrì. Kánsù ìsàlẹ̀ ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ṣùgbọ́n wọn ò ní ẹni tó ń wà á, koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká nínú ọgbà ọsibítù kékeré wọn. Kánsù òkè ní dírẹ́bà tó ń gba owó oṣù, ọkọ̀ tó yẹ kó máa wà ti kú tipẹ́, abẹ́ igi ni dírẹ́bà náà máa ń sùn sí. Bàbá mọ̀, torí fìlà wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ kánsù méjèèjì ń dé, ẹnu oníbàárà kì í sì í dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń mójú tó ètò ìlera ní kánsù òkè pé fìlà rẹ̀ ti ṣe tán, kó wá dé e wò. Wọ́n ránṣẹ́ sí ti kánsù ìsàlẹ̀ bákan náà, fún wákàtí kan náà. Àwọn méjèèjì bára wọn pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, fìlà ò sí, Bàbá sì ti gbé àga dí ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀kan nínú yín ní mọ́tò, kò ní dírẹ́bà," Bàbá wí. "Ọ̀kan ní dírẹ́bà, kò ní mọ́tò. Ṣé ẹ fẹ́ kí n bá yín rán wọn pọ̀ ni?"

Ó gba ìpàdé lórí ìpàdé kó tó bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i. Wọ́n yan kọ́mítì láti inú kánsù méjèèjì. Ọkọ̀ á máa wà ní ọsibítù ìsàlẹ̀, dírẹ́bà á máa wá láti òkè, kánsù tí aláìsàn bá ti wá ni yóò ra epo ìrìn àjò yẹn. Ọkọ̀ náà gbé èèyàn púpọ̀. Ó gbé kanlékanlé kan tó já bọ́ láti orí òrùlé, ó gbé ìyá arúgbó tí rọpárọsẹ̀ ṣe nínú mọ́ṣáláṣí, ó gbé àwọn aboyún láìmọye. Bí a bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀ lọ́nà jíjìn, Bàbá á gbé orí kúrò lórí iṣẹ́, wọ́n á fi etí sí i títí á fi kọjá lọ, wọ́n á ní, "Tiwa nìyẹn."

Ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, Bàbá ló jàre níbẹ̀, ó sì wù mí kí wọ́n má jàre. Nítorí ọ̀rọ̀ epo, ẹni tó ń gbé fóònù ní ọsibítù gbọ́dọ̀ mọ apá tí ọkọ̀ ń lọ. "Òkè àbí ìsàlẹ̀?" ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Kọ́mítì wá ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ òkè tàbí ìsàlẹ̀ sára ògiri àwọn agboolé tó wà lẹ́bàá gọ́tà. Àwọn agboolé yòókù ò ní wàhálà kankan, torí apá kan ni wọ́n wà látilẹ̀. Tiwa nìkan ló wà lápá méjèèjì. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé ọ̀dà dé ọ̀dọ̀ wa kí Bàbá dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, a ò ní ba ògiri yín jẹ́ o. 'Onífìlà Òkè' la kàn fẹ́ kọ síbí. A ó kọ 'Onífìlà Ìsàlẹ̀' sí tọ̀hún."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, sà. Kí ọkọ̀ má baà ṣìnà ni."

"Dírẹ́bà mọ ilé mi. Fìlà mi ló wà lórí ẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí kì í bá ṣe dírẹ́bà yẹn ńkọ́?"

 Bàbá na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n ní, "Ṣé o rí i, tí ẹ bá kọ ọ́ síbí, àwọn ọmọ mi á máa kà á. Tí wọ́n bá kà á pẹ́, wọ́n á gbà á gbọ́." Wọ́n wá fi ọwọ́ gbé garawa ọ̀dà náà fún un, kó máa gbé e lọ. Ó lọ. Ògiri wa wà ní mímọ́ lókè, ó wà ní mímọ́ nísàlẹ̀, gbogbo agboolé pátá sì pàtẹ́wọ́ fún Bàbá. Ìyá Rúká gúnyán lọ́jọ́ náà, ó bu ránṣẹ́ sókè.

Àǹtí Sìdí ni àbígbẹ̀yìn Bàbá. Àbúrò ìyá mi ni, ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ ju mí lọ ni, a jọ dàgbà, n kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá a ṣe àǹtí. Oyún rẹ̀ ti gbó nígbà náà, ó wá dúró ti Bàbá lókè torí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò iṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni. Mo ti Òkè-Àdó wá gba fìlà ọkọ mi. Àǹtí Sìdí ní orí ń fọ́ òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí Bàbá bá òun rán fìlà fún un torí kò sí bàtà tó gbà á mọ́. A ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ yí padà. Gìrì gbé e. Mo pariwo, àwọn ará ilé sáré wọlé, Bàbá sì já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pe ọsibítù, àwọn fúnra wọn ló pè é.

Mo dúró tì wọ́n. Mo gbọ́ ohùn obìnrin tó gbé e lọ́hùn-ún, tó ní, "Òkè àbí ìsàlẹ̀, sà?"

Bàbá ní, "Ilé Onífìlà! Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ tètè máa bọ̀." Wọ́n sì pa fóònù.

Dírẹ́bà tó ń dé fìlà Bàbá ti gba ìsinmi. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kò mọ̀ wá rí. Ó bèèrè Ilé Onífìlà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, wọ́n sì júwe èyí tó sún mọ́ jù fún un, ìyẹn ilé ìsàlẹ̀. Ó yára débẹ̀. Kò sí aláìsàn níbẹ̀. Wọ́n ń wọ yàrá dé yàrá, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló ń rọbí. Dírẹ́bà pe nọ́ńbà Bàbá, kò wọlé, torí Bàbá ń pe ọkọ Àǹtí Sìdí lọ́wọ́, wọ́n tún ń pe ìyá mi. Ìyá Rúká ló wá fura pé ilé òkè ni yóò jẹ́. Dírẹ́bà bọ́ sínú ọkọ̀, ó gba inú ọjà, ó forí lé Bẹẹrẹ.

Àwa tí a wà lókè kò mọ ìkankan nínú èyí. A ti gbé Àǹtí Sìdí dé etí títì, a ń wo ọ̀nà, a ò rí nǹkan kan. Gìrì tún gbé e. Bàbá ní a ò lè dúró mọ́, kí a gbé e sọ̀ kalẹ̀ gba orí pákó, ká máa gbé e lọ sí ọsibítù náà fúnra wa. Àwọn ọkùnrin gbé e lórí àga gbọọrọ, èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Pákó yẹn ń mì lábẹ́ wa. A ti sọdá ni Ìyá Rúká sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ lórí.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ! Yéè, Ọlọ́run mi, òkè ni wọ́n gbà lọ!"

A gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà níhà Bẹẹrẹ. Ó ń dún lójú kan. Ọjà ti dí i mọ́, kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Orí pèpéle Ìyá Rúká ni Àǹtí Sìdí kú sí, pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀, níwájú ibi tí ọkọ̀ ti dúró dè é kí ó tó lọ. Fèrè náà ṣì ń dún. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ sáàárín ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń sọ fún un pé, "Wọ́n ti ń bọ̀, Sìdí. Wọ́n ti ń bọ̀ nísinsìnyí."

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Bàbá ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ilé dá páropáro, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Mùíná, Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n Ó rán ọkọ̀ sí wa. Èmi ni mi ò júwe ilé."

Mo ti ẹ̀kọ náà sún mọ́ wọn. 

Ikú yẹn fẹ́ tú àjọṣe àwọn kánsù ká. Kánsù òkè ní ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ ti fi àkókò ṣòfò. Kánsù ìsàlẹ̀ ní dírẹ́bà òkè ni kò mọ̀nà. Àwọn kan ti ń sọ pé kí oníkálukú mú tirẹ̀: kí ìsàlẹ̀ gba mọ́tò, kí òkè gba dírẹ́bà, kí koríko sì tún hù yí táyà ká. Kọ́mítì pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Máàpó, wọ́n ní kí ẹbí olóògbé wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹni òkè ti yọ́ wá bá Bàbá pé kí wọ́n di ẹ̀bi ru ìsàlẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ náà ti yọ́ wá. Àwọn ẹbí tiwa gan-an ní kí Bàbá mú ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n má ṣáà dárúkọ ara wọn, torí ọkọ Àǹtí Sìdí ti búra níwájú gbogbo èèyàn pé òun ò ní forí ji ẹni tó mú kí ọkọ̀ pẹ́. Ó rò pé òṣìṣẹ́ kánsù kan ni.

Ọkọ Àǹtí Sìdí jókòó síwájú ní ìpàdé náà. Nígbà tó kan Bàbá, wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìlà orí wọn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí orí Bàbá ní gbangba. Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ.

"Wọ́n bi mí pé òkè àbí ìsàlẹ̀," Bàbá wí. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni ǹ bá fi dáhùn. Mi ò dáhùn, torí agídí. Ọmọ mi kú sórí ọ̀rọ̀ kan tí mi ò sọ. Dírẹ́bà ò ṣẹ̀, ẹni tó gbé fóònù ò ṣẹ̀. Ẹ̀yin ará kánsù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tú ọkọ̀ yẹn ká. Ẹ wá kọ ohun tó bá wù yín sára ògiri mi."

Ọkọ Àǹtí Sìdí dìde, ó jáde. Kò kí Bàbá mọ́ láyé, kò sì wá síbi ìsìnkú wọn. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn kánsù ò tú ọkọ̀ ká. Ó ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni nínú wọn láti di ẹ̀bi ru ẹnì kejì lẹ́yìn ohun tí Bàbá sọ. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́dà padà wá sílé wa. Ojú ń tì í, ó fẹ́ kọ ọ́ wínníwínní sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá ní, "Kọ ọ́ kó tóbi. Kí ẹni tó ń sáré lè kà á."

Ohun tí wọ́n sọ ló ṣẹlẹ̀: wọ́n kọ ọ́, a kà á, a sì gbà á gbọ́. Àwọn tó ń gbé ẹrù wá láti ọjà ló kọ́kọ́ ń pè wá ní Onífìlà Òkè. Ó dé orí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Nígbà tó yá, àwọn ará ìsàlẹ̀ ní àwọn fẹ́ ní olórí ẹbí tiwọn, torí ọ̀rọ̀ òkè nìkan ni à ń sọ nípàdé ẹbí. Wọn ò sì parọ́. Wọ́n ń pa ẹran Iléyá tiwọn lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá sọdá pákó bí ìṣe wọn, wọ́n bá Ìyá Rúká tó ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ máà bínú, Bàbá, a ò mọ̀ pé àwọn ará òkè ń bọ̀ lónìí." Láti ọmọ ọwọ́ ni Bàbá ti tọ́ obìnrin yìí dàgbà nínú yàrá wọn o. Wọ́n padà wálé pẹ̀lú ebi, wọ́n jókòó, mo sì bi wọ́n pé báwo lọbẹ̀ òní. Wọ́n ní, "Ó dùn." Ìyá Rúká fúnra rẹ̀ ló sọ òótọ́ rẹ̀ fún mi nígbà tó pẹ́.

Láti ìgbà náà, ìjà tán lẹ́nu wọn. Ààtàn lè ga dé ojú fèrèsé, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Oníbàárà lè bú wọn, wọ́n á ní kó máà bínú. Bàbá jẹ́jẹ́ tí àwọn èèyàn ń sunkún rẹ̀ yìí, ẹni tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn Bàbá mi ni.

Àyà ló pa wọ́n. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn, èmi ni mo pe ọsibítù. Obìnrin náà bi mí pé, "Ilé Onífìlà èwo?" Mo ní, "Ti òkè, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá gbọ́ mi láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ dé kíákíá débi pé mi ò tíì rí bàtà wọn wọ̀ fún wọn. Nínú ọkọ̀, wọ́n la ojú, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé kò yà síbì kankan?"

"Kò yà síbì kankan, Bàbá. Ọ̀dọ̀ wa ló wá tààrà."

Wọ́n mi orí.  Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ bá òkú wọn.

Nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Rúká wá kí wa. Orí àga àlejò ló jókòó sí, níbi tí àwọn àna àti ará ìta jókòó sí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè, aago mélòó lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ká lè mọ ìgbà tí a máa ṣe tiwa?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe àdúrà méjì fún ọkùnrin kan lọ́jọ́ kan náà. Àwọn Àfáà wà lókè, àwọn Àfáà wà nísàlẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí apá méjèèjì gọ́tà. Orúkọ Bàbá ń dún lápá tiwa, ó ń dún lọ́hùn-ún, ọ̀kan ń bo èkejì mọ́lẹ̀, a ò sì gbọ́ èyíkéyìí já geere.

Ìbínú gbé mi dìde. Mo ní ohun kan ló kù fún mi, kí n sọdá lọ jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí Bàbá lè ní ẹnì kan tó gbọ́ méjèèjì. Ìyá mi fa aṣọ mi láti ẹ̀yìn.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀hún."

"Kí lo fẹ́ lọ wá lọ́dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀?"

Ilé ìsàlẹ̀ ni Bàbá bí ìyá mi sí.